Ohun Tí Ara Òǹdè Ń Sọ: Ìtàn Wíwọn Àìfararọ Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Lára Ìnàkí Inú Àhámọ́

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ìnàkí àti nípa ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá nínú ìtọ̀ àti irun rẹ̀. Ìdáhùn mi kò gùn. Iṣẹ́ tiwa ni kíkà. À ń ka ohun tí a kọ, à ń ka ohun tí a kò kọ, a sì ń bi ara wa léèrè bóyá bí a ṣe kà á náà ni ó rí. Ọ̀rọ̀ ti òní, ọ̀rọ̀ kíkà ni. Ara òǹdè ni ìwé tí a fẹ́ kà.

Kànga Gberefu

Ẹni tí ó bá dé Àgbádárìgì yóò wọ ọkọ̀, yóò la ọ̀sà kọjá, yóò sì gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ tóóró kan tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun. Ibẹ̀ ni Gberefu. Láti èbúté yẹn, ìrìn lórí iyanrìn ni ó kù títí dé etí òkun, níbi tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó ti ń dúró de ẹrú. Ní ojú ọ̀nà náà ni kànga kan wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé wọn a máa mú kí àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀, kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí ọkàn wọn sì rọ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Kànga yìí ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ rò. A kì í wá oògùn ìgbàgbé fún ẹni tí kò ní ohun tí ó ń rántí. Bí ìtàn yìí bá rí bí a ti ń sọ ọ́, ẹ̀rí ni kànga náà jẹ́ lòdì sí àwọn tí wọ́n ń lò ó. Wọ́n ti wo eyín òǹdè, wọ́n ti wo apá àti itan rẹ̀, wọ́n ti ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n sì ti fi iye lé e. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè pa á kí ó tó dé ọjà tí wọ́n ń gbé e lọ. Wọn kò wọn ohun náà. Omi ni wọ́n bù lé e.

Àwọn oníṣègùn inú ọkọ̀ ẹrú pẹ̀lú mọ̀. Ní ọdún 1790, Isaac Wilson, tí ó ti ṣe oníṣègùn nínú ọkọ̀ ẹrú, jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìbànújẹ́ tí kò kúrò lọ́kàn ni olórí ohun tí ó ń pa àwọn ẹrú tí ó tọ́jú. Oúnjẹ wà, wọn kò jẹ. Oògùn wà, kò ràn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí Crowther, tí a mú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ó fi ròyìn ayé rẹ̀ ní 1837. Ó sọ bí òun ti gbìyànjú ní òru púpọ̀ láti fi ọ̀já fún ara òun lọ́rùn, nítorí ẹ̀rù àtità fún àwọn Potogí. Èkó ni a ti kó Àjàyí wọ ọkọ̀, kì í ṣe Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n òkun kan náà ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó mọ̀wé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye kò rí àyè bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tí ó gbé mi dìde nìyí: bí òǹdè kò bá ní ahọ́n tí ó lè fi rò ó, ta ni yóò rò ó fún un, irú ìwọ̀n wo ni yóò sì fi wọ̀n ọ́n?

Ohun tí èmi kò sọ

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan yé wa yékéyéké. Ẹni tí ó bá dárúkọ ìnàkí ní etí òkun Gberefu gbọ́dọ̀ rìn jẹ́jẹ́. Nígbà tí òwò ẹrú ń lọ lọ́wọ́, àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó kan ń to ẹ̀dá sórí àtẹ̀gùn kan, wọ́n ń fi ènìyàn dúdú sí ìdí ìnàkí, kí ọjà tí wọ́n ń ná lè tọ́ lójú ara wọn. Edward Long ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn Jàmáíkà tí ó tẹ̀ jáde ní 1774. Ìwà yìí kò sì bá òwò ẹrú kú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1906, ọgbà ẹranko Bronx ní New York fi Ota Benga, ọmọ ènìyàn láti ilẹ̀ Kóńgò, han àwọn èrò nínú ilé àwọn ọ̀bọ. Àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú ìlú náà fi ẹ̀hónú hàn títí a fi mú un kúrò níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1916, Ota Benga pa ara rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé mo ń fi ẹrú wé ìnàkí. Ènìyàn ni ẹrú, ẹni tí ó tà á ni ó sọ ọ́ di ẹrù. Ohun tí mo ń fi wéra ni ọwọ́ àwọn tí ń ti ìlẹ̀kùn: bí wọ́n ti ń yan ohun tí wọn yóò wọ̀n àti ohun tí wọn yóò fi ojú fò. Ọwọ́ náà kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà yẹn wá.

Ọ̀rọ̀ náà, àìfararọ

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí a ń wí. Bí ara bá rọ ènìyàn, a ní ara rọ̀ ọ́. Bí kò bá rọ̀ ọ́, àìfararọ ni. Ọ̀rọ̀ yìí dára ju wàhálà lọ fún iṣẹ́ wa, nítorí pé wàhálà a máa ti òde wá, ṣùgbọ́n nínú ara ni àìfararọ ń gbé. Èdè wa kò ya ara àti ọkàn sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ara rẹ̀ ni a ń sọ pé kò rọ̀.

Ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wá rí ní ọ̀rúndún ogún kò jìnnà sí èyí. Ní ọdún 1936, Hans Selye, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, tẹ lẹ́tà kúkúrú kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ó ti fi otútù, ọgbẹ́, iṣẹ́ àṣekú àti oògùn líle dán àwọn eku wò. Ìyà náà yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n àmì kan náà ni ó ń rí nígbà tí ó bá la inú wọn: àwọn ẹran kékeré méjì tí ó jókòó lórí kíndìnrín wú, ọgbẹ́ sì wà nínú ikùn. Ara ní ọ̀nà kan tí ó ń gbà dáhùn sí ìnira, ohun yòówù kí ìnira náà jẹ́. Bí ìnira náà bá kọjá kíá, ìdáhùn yìí ń gba ẹ̀dá là. Òun ni ó ń jẹ́ kí ẹtu lè sá mọ́ ẹkùn lọ́wọ́. Bí ìnira bá di ọlọ́jọ́ pípẹ́, tí kò sí ibi tí a ó sá sí, ìdáhùn kan náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ara fúnra rẹ̀. Àhámọ́ ni ibi tí kò sí ibi tí a ó sá sí.

Láti inú àwọn ẹran orí kíndìnrín yẹn ni họ́mónù kan ti ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí a ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ àwọn tí ó wádìí irú họ́mónù bẹ́ẹ̀ ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìṣègùn ní ọdún 1950. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti lò ó fi béèrè àlàáfíà ìnàkí.

Bí ìnàkí ilẹ̀ wa ṣe di òǹdè

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ sí ibi tí ó yẹ. Ìnàkí àti elégbèdè kì í ṣe ọ̀bọ. Wọn kò ní ìrù, ọpọlọ wọn tóbi, ìgbà èwe wọn sì gùn. Ọmọ ìnàkí a máa mu ọmú tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò sì ní í jìnnà sí ìyá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọmọ ìnàkí láàyè, ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa. Gbogbo ìnàkí tí a bá rí nínú àhámọ́, tí a mú láti inú igbó, òkú kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré tán.

Ọkọ̀ tí ń lọ láti etíkun Áfíríkà sí ilẹ̀ àwọn òyìnbó ni ìnàkí bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan tí a mú láti Àǹgólà dé Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1698, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Edward Tyson, oníṣègùn, la òkú náà, ó wọn egungun àti iṣan rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1699. Òmíràn dé ní 1738, àwọn èrò sì sanwó láti wò ó. Kò pé ọdún kan tí òun náà fi kú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà mọ bí apá ìnàkí ṣe gùn tó. Kò sí ẹni tí ó ka iye òru tí ó fi sun ẹkún.

Ní ọ̀rúndún ogún, òwò náà wọ ẹ̀wù funfun. Ní àwọn ọdún 1920, ilé-ẹ̀kọ́ Pasteur ti ilẹ̀ Faransé kọ́ ibùdó kan sí Kindia ní ilẹ̀ Guinea, níbi tí wọ́n ti ń fi ìnàkí dán oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wò. Ọ̀pọ̀ ni ó kú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Ibẹ̀ náà ni Henry Nissen, ọmọ Amẹ́ríkà, dé sí ní 1930 láti lọ wo bí ìnàkí ṣe ń gbé nínú igbó. Ó ṣe pàtàkì kí a kíyè sí i pé ìgbà náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bí ayé ìnàkí ti rí nígbà tí kò sí nínú àhámọ́. Bí a kò bá mọ bí ara ìnàkí ti ń rọ̀, báwo ni a ó ṣe mọ ìgbà tí kò rọ̀?

Ní 1974, ilé-iṣẹ́ New York Blood Center dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Liberia. Ìnàkí ni wọ́n lò níbẹ̀ nínú ìwádìí lórí àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B àti àwọn àrùn mìíràn. Ìwádìí dúró ní 2005. Àwọn ìnàkí tí ó kù, tí wọ́n lé ní 60, wà lórí àwọn erékùṣù kéékèèké níbi tí oúnjẹ àti omi dídùn kò tó. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ náà dá owó ìtọ́jú wọn dúró. Àwọn ọmọ Liberia tí wọ́n ti ń bọ́ wọn láti ọjọ́ pípẹ́ kò padà lẹ́yìn wọn. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn aláàánú, wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ bá wọn títí tí àdéhùn tuntun lórí ìtọ́jú wọn fi wáyé ní 2017.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ lórí èyí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B wà lára èyí tí a ń fún àwọn ọmọ wa ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà lónìí, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Àwa náà jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ nínú ọbẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ ẹran tí a fi sè é.

Ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín

Nínú gbogbo ìnàkí ilẹ̀ wa tí ó ti kọjá lọ sí òkè òkun, kò sí èyí tí ayé mọ̀ bí Ham. Ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni a ti bí i ní 1957, a sì mú un ní kékeré lọ sí Amẹ́ríkà. Nọ́mbà 65 ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n kọ́ ọ láti máa fa ọ̀pá kékeré bí iná bá tàn. Bí kò bá tètè fà á, iná mànàmáná yóò gbé e ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1961, wọ́n dè é mọ́ àga nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rán an lọ sí ojú òfuurufú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 16.

Kò sí òǹdè kan tí a tíì wọ̀n tó báyìí rí. Wọ́n wọn lílù ọkàn rẹ̀, wọ́n wọn èémí rẹ̀, wọ́n wọn ooru ara rẹ̀, wọ́n wọn bí ọwọ́ rẹ̀ ti yá tó. Nígbà tí ó padà dé tí wọ́n ṣí àpótí rẹ̀, ó fa ètè sẹ́yìn, gbogbo eyín rẹ̀ tòkè tìsàlẹ̀ sì hàn. Ayàwòrán ya àwòrán rẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri ayé pé ìnàkí ń rẹ́rìn-ín ayọ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Ti Ham kò tilẹ̀ dé ibi ẹ̀rín. Àwọn tí wọ́n ti gbé láàrin ìnàkí mọ ojú yẹn. Bí ìnàkí bá ń ṣeré, yóò la ẹnu lásán, ètè òkè yóò sì bo eyín. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò fa ètè méjèèjì sẹ́yìn, eyín yóò sì hàn kedere. Jane Goodall, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàrin ìnàkí ní Tanzania, wo àwọn àwòrán Ham, ó sì sọ pé ẹ̀rù tí ó wà níbẹ̀ kọjá kékeré. Nígbà tí àwọn ayàwòrán tún fẹ́ kí Ham jókòó sórí àga rẹ̀ fún àwòrán mìíràn, ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ fi ipá mú un, apá wọn kò ká a. Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn, ó sì yé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kí ó yé òun.

Àwọn kan náà ni wọ́n wọn ọkàn rẹ̀ lọ́nà tí ó pé pérépéré tí wọ́n sì ṣi ojú rẹ̀ kà. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ rí kò ní í rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Láti 1963 ni Ham ti ń dá gbé nínú ọgbà ẹranko ní Washington, ọdún 17 gbáko, kí a tó gbé e lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina ní 1980. Ó kú ní 1983.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ohun tí ó yí ọ̀ràn padà ni pé a rí ọ̀nà láti ka ara láìfi ọwọ́ kan án. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Rosalyn Yalow àti Solomon Berson gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi lè wọn họ́mónù tí kò tó nǹkan rárá; Yalow gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1977. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ni a nílò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ìnàkí yóò lé e mú, yóò gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀rù yóò sì ti ba ìnàkí náà kí ẹ̀jẹ̀ tó jáde. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni ẹni náà wọ̀n, kì í ṣe ìgbé ayé ìnàkí.

Lónìí, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù. Ìtọ̀ a máa sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ sẹ́yìn. Ìgbẹ́ a máa sọ ti àná tàbí ìjẹta, nítorí pé kọ́tísọ́ọ̀lù ní láti la ẹ̀dọ̀ àti ìfun kọjá kí ó tó jáde. Irun ni ó ń rántí jù. Bí irun ti ń hù díẹ̀díẹ̀ ni kọ́tísọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lára, tí ó sì ń dúró síbẹ̀. Lórí ènìyàn, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan ni irun fi ń gùn lóṣù. Nítorí náà ẹni tí ó bá gé irun gígùn mú ìtàn oṣù púpọ̀ lọ́wọ́. Bí mo bá fi í wé iṣẹ́ tiwa, ìtọ̀ dà bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ìgbẹ́ dà bí ìròyìn àná, irun ni ìwé ìtàn. Àwọn oníṣòwò ẹrú a máa fá irun òǹdè kúrò kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń gé dànù.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yára. Kọ́tísọ́ọ̀lù kì í ṣe ìbànújẹ́ tí a bù sínú ìgò. Ó ń lọ sókè ní òwúrọ̀, ó ń relẹ̀ ní alẹ́, lára ènìyàn àti lára ìnàkí bákan náà. Eré, ìbálòpọ̀ àti ìrètí oúnjẹ lè gbé e sókè. Ohun tí ó sì le jù ni pé bí ìnira bá pẹ́ jù, iye náà lè wá kéré. Ẹni tí ó bá wo iye kékeré yìí nìkan yóò sọ pé ara ìnàkí rọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ti sú u láti bẹ̀rù. Irun pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Japan, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2013, wọn kọ́tísọ́ọ̀lù nínú irun ìnàkí, wọ́n sì rí i pé ibi tí a ti gé irun lára ń yí iye padà. Ojú kan náà ni a gbọ́dọ̀ ti máa gé e bí a bá fẹ́ fi oṣù kan wé òmíràn.

Nítorí náà ni àwọn tí wọ́n mọṣẹ́ kò fi í gba ẹ̀rí kan ṣoṣo. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí elégbèdè ọgbà ẹranko, nínú èyí tí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, kí wọ́n lè mọ bí ẹrù ọdún púpọ̀ ti wúwo tó lára. Lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ àti irun, ìwà náà wà níbẹ̀. Ìnàkí tí ara kò rọ̀ a máa mì síwá sẹ́yìn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. A máa tu irun ara rẹ̀ títí awọ yóò fi hàn. A máa pọ oúnjẹ kí ó tún un jẹ. Àwọn olùwádìí méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2011 lórí ìnàkí 40 nínú ọgbà ẹranko 6 ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Kò sí ìkankan nínú 40 yìí tí wọn kò rí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọgbà tí ebi ti ń pa ẹranko.

Ohun tí ìwọ̀n náà sọ

Ìròyìn méjì ni ó yẹ kí a gbé síwájú ara wa, nítorí pé ẹnu wọn kò kò, síbẹ̀ òtítọ́ ni méjèèjì.

Ìkíní ti ilẹ̀ Austria wá. Níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ oògùn kan ti há ìnàkí mọ́ fún ọdún púpọ̀, olúkúlùkù nínú àgò tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni a mú ní ọmọdé láti igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ìwádìí parí, a bẹ̀rẹ̀ sí so wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń wọn kọ́tísọ́ọ̀lù inú ìgbẹ́ wọn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Iṣẹ́ mìíràn tí ó jáde ní 2015 fi hàn pé àwọn tí wọ́n pàdánù ìyá ní kékeré jù kì í fi bẹ́ẹ̀ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlẹ̀kùn ti ṣí, ṣùgbọ́n àhámọ́ ṣì wà nínú wọn.

Ìkejì ti ilẹ̀ Kóńgò méjèèjì wá. Ní 2011, Victoria Wobber àti Brian Hare ròyìn iṣẹ́ wọn ní Tchimpounga àti Lola ya Bonobo, níbi tí a ti ń tọ́ àwọn ọmọ ìnàkí àti bonobo tí a pa ìyá wọn. Wọ́n fi kọ́tísọ́ọ̀lù wọn, ìwà wọn àti òye wọn wé ti àwọn tí ìyá tọ́. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Àwọn ọmọ òrukàn yìí ti rí ènìyàn tí ó gbé wọn pọ̀n, wọ́n ti rí ẹgbẹ́, wọ́n sì ti rí igbó tí wọ́n lè sá wọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú méjèèjì ni pé àhámọ́ ń ba ara jẹ́, ìtọ́jú sì lè tún un ṣe, bí ó bá tètè dé. Ìwọ̀n kò sọ pé ọ̀ràn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kò sì sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe. Ó ń sọ ìgbà.

Ilé ni à ń wò

Ṣé ọ̀ràn òkè òkun nìkan ni èyí? Rárá. Ìnàkí ṣì wà, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀ mọ́, nínú àwọn igbó kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì. Láti 1948 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ibi tí a ń kó ẹranko sí fún ẹ̀kọ́, tí ó di ọgbà ẹranko tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni olùkọ́ wa kó lọ síbẹ̀ nígbà èwe, tí a ju ẹ̀pà sí ẹranko, tí a sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2002, a kó ọmọ elégbèdè 4 láti Nàìjíríà lọ sí ọgbà ẹranko Taiping ní Malaysia. Ìwé tí ó tẹ̀ lé wọn sọ pé inú ọgbà ẹranko ní Ìbàdàn ni a ti bí wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ igbó ni wọ́n, a sì mọ ohun tí a ń ṣe fún ìyá kí a tó lè mú ọmọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú, a gbé wọn lọ sí Pretoria ní 2004, ó sì di òpin ọdún 2007 kí wọ́n tó padà sí Limbe ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Orúkọ wọn ni Izan, Abbey, Tinú àti Oyin.

Ẹ gbọ́ orúkọ méjì ìgbẹ̀yìn yẹn. Tinú. Oyin. Orúkọ ọmọ tí a ń gbé jó nínú agbo ilé ni. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ti àwọn wọ̀nyí, a pa ilé wọn run, a ya ilé èké sórí ìwé fún wọn, a wá fi orúkọ tí ó dùn pè wọ́n lẹ́yìn. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń lọ láti àgò dé àgò, ní àkókò ayé elégbèdè tí ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. A kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ pé ara kò lè rọ̀ nínú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Wọ́n ń rò pé nínú ìlú tí ebi ti ń pa ènìyàn, ta ni yóò máa ka kọ́tísọ́ọ̀lù inú irun ìnàkí? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi náà kò fi ojú kékeré wo ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí ebi ń pa ni wọ́n kó ọmọ elégbèdè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn tí wọ́n ní òǹtẹ̀ àti gègé lọ́wọ́ ni. Àwa tí a mọ̀wé ni a kọ ìwé èké náà, bí ó ti jẹ́ pé àwọn tí wọ́n mọ̀wé ni wọ́n ń ṣírò ẹrú sínú ìwé ní etí òkun. Ọ̀ràn yìí kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga ju bí ó ti kan ọdẹ lọ.

Ìkádìí

Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Níbikíbi tí ìnàkí tàbí elégbèdè bá wà lábẹ́ ìtọ́jú wa ní Nàìjíríà, kí a má ṣe jẹ́ kí ó dá gbé. Kí a máa kọ ìwà rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí a sì máa kó ìgbẹ́ àti irun rẹ̀ pamọ́ ní ojú kan náà, ní àkókò kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ṣe èyí láìfi ọwọ́ kan ẹranko rárá. Kí a sì fi ohun tí a bá kà níbẹ̀ sí iwájú àwọn tí wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, nítorí pé a ti rí i lára Ham pé a lè wọn òǹdè dáadáa kí a sì tún há a mọ́ fún ọdún 17.

Mo tún padà sí Gberefu. Kànga náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn àlejò a sì máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbàgbé ni a ní omi rẹ̀ wà fún, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n mu ún kò gbàgbé: wọ́n gbé orúkọ, orin àti òrìṣà wọn la òkun kọjá, àwọn ọmọ wọn sì ń padà wá lónìí láti béèrè ọ̀nà. Ìnàkí kò ní orin tí yóò gbé padà wá fún wa. Ohun tí ó ní ni ara rẹ̀. Bí ara yẹn bá ń sọ̀rọ̀, tí àwa sì ti kọ́ bí a ti ń kà á, a kò lè sọ mọ́ pé a kò gbọ́.